Ìdíátù Ọlọ́ṣẹ àti Àsíá Orí Ìgbẹ́ Ajá

Kí ẹni tó rántí díẹ̀ dákẹ́, kí èmi tí mo rántí gbogbo rẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ tí àwọn kan ń pìtàn Ìdíátù ọlọ́ṣẹ fún àwọn ọmọ wọn ní Lomé yìí, tí wọ́n ń sọ pé ajá tó wà ládùúgbò wa nígbà náà kò ju ogún lọ. Wọn ò mọ nǹkan kan. Ajá àdúgbò wa ju igba lọ, mo sì mọ ojú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí mo ṣe mọ ojú abẹ́rẹ́. Èmi Àmúsà télọ̀, tí mo kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn ẹ̀rọ ìránṣọ mi láìsí tíṣà tó fi pàṣán kàn mí rí, èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi gé aṣọ tí gbogbo ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ọ́ lọ́nà mìíràn, ẹ bi í pé níbo ló dúró sí lọ́jọ́ náà.

Ayé Faransé ni. Wọ́n ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ Jámánì tipẹ́, bonjour sì ti di ìkíni lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Ànàgókọmé là ń gbé, àdúgbò tí àwa Yorùbá oníṣòwò fi ṣe ilé: ará Ìlọrin, ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, mùsùlùmí ló sì pọ̀ jù nínú wa. Àwọn ará Atakpamé náà wà láàárín wa, àwọn tí ọkọ̀ ojú irin kó wá ṣiṣẹ́ oṣù. Níwájú mọ́sáláṣí wa, gbàgede oníyanrìn kan wà. Lójoojúmọ́, ọjà kékeré ni. Lọ́jọ́ Jímọ̀, nígbà tí inú mọ́sáláṣí bá kún, ibẹ̀ là ń tẹ́ ẹní sí tí à ń foríkanlẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o: iwájú orí wa ló ń kan iyanrìn náà.

Ìdíátù ń ta ọṣẹ dúdú àti kànrìnkàn lábẹ́ igi ọ̀dán tó wà létí gbàgede yìí. Opó ni, ọmọ Ọ̀fà, ó ga bí òpó wáyà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀. Ìmọ́tótó rẹ̀ kọjá àfẹnusọ. Eṣinṣin tó bá bà lé e lọ́wọ́, yíyọ̀ ló máa ń yọ̀ ṣubú. Ojú mi báyìí ló ṣe. Kò fẹ́ràn ajá rárá. Bí ajá bá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, á ká ìró rẹ̀ sókè bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá.

Irú obìnrin bẹ́ẹ̀ ni Àlàbá wá fa ajá lé lọ́wọ́.

Ará Atakpamé ni Àlàbá, ọdẹ ni kó tó di òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, kò sì tíì fi igbó sílẹ̀, yàrá rẹ̀ sì kangun sí ti Ìdíátù. Wọ́n ránṣẹ́ pè é pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn. Ó di ẹrù, ó sì fa ajá pupa kan wá sí ìdí ọ̀dán. Ẹwítán lorúkọ ajá náà. Àwa Yorùbá kì í fi orúkọ ajá ṣòfò. Ẹni tí a kò bá lè dojú kọ la fi ń pòwe mọ́. Àwọn ìbátan Àlàbá ló ti sọ pé kò lè rí iṣẹ́ ṣe ní Lomé. Nígbà tó ríṣẹ́, ó wá ajá kan, ó sì sọ ọ́ ní Ẹwítán, kó lè máa fi ké mọ́ wọn bó bá lọ sílé.

“Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀ títí n ó fi dé.”

“Èmi? Ajá? Àlàbá, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́?”

“Àmánà ni, ìyá mi. Ṣebí bẹ́ẹ̀ lẹ̀yin ìmàle ṣe ń pè é? Mo fi ṣe àmánà sọ́wọ́ yín.”

Kì í ṣe mùsùlùmí, àmọ́ ó ti bá wa gbé pẹ́, ó mọ okùn tí wọ́n fi ń so mùsùlùmí mọ́lẹ̀. Àmánà ni ohun tí ènìyàn fi sí ìkáwọ́ rẹ, tí yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ láyé, tí Ọlọ́run yóò tún béèrè lọ́run. Ìdíátù wo ajá, ajá wo Ìdíátù. Ó mí kanlẹ̀, ó gba okùn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ajá tó mọ́ bí Ẹwítán láti Lomé títí dé Atakpamé. Ọṣẹ dúdú ló fi ń wẹ̀ ẹ́. Ìdí ọ̀dán ló ń so ó mọ́, bó bá sì ti ṣu, Ìdíátù á bu eérú lọ́dọ̀ Mojí tó ń dín ẹja, á dà á lé e lórí títí yóò fi gbẹ, á fi àpáàdì wà á, á lọ rì í mọ́ ìdí àgbọn létí òkun. Mojí a máa fi rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ṣé ajá lẹ̀ ń tọ́ àbí ọmọ ọba?”

“Àmánà ni.”

Àwọn ajá yòókù ńkọ́? Wọ́n ń rìn bó ṣe wù wọ́n, gbàgede sì ni ṣáláńgá wọn. Kò sẹ́ni tó ń kó o. Ìdí rẹ̀ sì nìyí: mùsùlùmí àdúgbò wa kì í “ní” ajá. Ajá lè sùn lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, kó jẹun rẹ̀, kó máa gbó olè fún un lóru, ṣùgbọ́n bí o bá bi í léèrè, kò lájá. Ta wá ni kó kó ìgbẹ́ ajá tí kò lólówó?

Òyìnbó kan ló ń mójú tó ìmọ́tótó àwọn àdúgbò nígbà náà. Orúkọ rẹ̀ gùn, kò sì wúlò fún wa. Bàtà-Funfun là ń pè é. Bàtà rẹ̀ funfun débi pé lékèélékèé ń tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Àtàláátà kan ó wọ gbàgede wa, Isidore wolé-wolé tó ń ṣe ògbufọ̀ fún un wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó gbé ìkejì, ó dúró. Ó gbé bàtà ọ̀tún sókè díẹ̀díẹ̀, ó wò ó.

Mojí ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́.

Òyìnbó náà ò pariwo. Ohùn pẹ̀lẹ́ ló fi sọ̀rọ̀, ìyẹn ló sì kó jìnnìjìnnì bá mi, nítorí èmi ti gbọ́ Faransé rẹ̀ kí Isidore tó la ẹnu. Isidore kọjú sí wa, ó ní:

“Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, kí ẹ tó kírun. Ó ní bí òun bá rí ẹyọ ìgbẹ́ ajá kan níbí yìí, kan péré o, gáàdì yóò yìnbọn pa gbogbo ajá àdúgbò yìí.”

Ìdíátù dìde lẹ́yìn igbá ọṣẹ rẹ̀. “Isidore, èyí tí wọ́n so mọ́lẹ̀ ńkọ́? Èyí tí wọ́n ń kó tirẹ̀?”

Isidore wo Ẹwítán, ó wo ilẹ̀. “Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ọta ìbọn kì í bi ajá léèrè.”

Wọ́n lọ. Mo rí Ìdíátù tó ká okùn ajá mọ́ ọwọ́ ara rẹ̀. Kì í ṣe pé ó ti wá fẹ́ràn ajá o. Ohun tó ń wò ni ọjọ́ tí Àlàbá yóò sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin, tí yóò na ọwọ́, tí kò ní í sí nǹkan tí òun yóò fi lé e.

Lójú ẹsẹ̀ ló wọ ilé Ọ̀ṣẹ́nì alápatà. Èmi náà tẹ̀ lé e, kí ẹ̀rí lè wà. Ọ̀ṣẹ́nì jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ajá dúdú ńlá kan sì gbórí lé bàtà rẹ̀, ó ń hanrun.

“Alápatà, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ ti gbọ́ ohun tí òyìnbó wí. Ajá yín ló ń ṣu jù nínú gbogbo wọn.”

“Ajá ta?”

“Èyí tó sùn lé bàtà yín lórí yìí.”

Ọ̀ṣẹ́nì wolẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí. “Èyí? Èmi ọmọ àlùfáà, kí n lájá? Ó ń kọjá lọ ni.”

“Láti ìgbà tí ẹ ti fẹ́ ìyàwó kejì ló ti ń kọjá lọ?”

“Ọ̀nà ibi tó ń lọ ló jìn.”

“Ta ló ń fún un léegun?”

“Mo ń ju eegun nù ni. Ibi tó bá bọ́ sí, Ọlọ́run ló mọ̀.” Ó sì rọra fẹsẹ̀ tì í. “Ṣíọ̀! Máa lọ.” Ajá náà yí ìhà kejì padà, ó ń hanrun lọ.

A kọjá sí ọ̀dọ̀ Honoré. Ọmọ Atakpamé lòun náà, komí, akọ̀wé, ni ní ọ́fíìsì kan, aṣọ dírílì funfun ni tòun láti orí dé ẹsẹ̀. Òyìnbó kan tó ń relé ló fi ajá fún un, ajá onírun gígùn tó ń jẹ́ Práǹsì. Nígbà tí Ìdíátù sọ tẹnu rẹ̀ tán, Honoré fi ìka kan àyà ara rẹ̀.

“Moi? Ìyá, èmi tí mo ní sẹ́tífíkà, kí n tẹ̀ ba sí ìta gbangba kí n máa wa ìgbẹ́? Àwọn agbálẹ̀ ìjọba wà fún un.”

“Ṣé ìjọba ló ń bọ́ Práǹsì ni, Musié Honoré?”

“Bàtà-Funfun mọ̀ mí. Kò lè pa Práǹsì.”

“Ṣé o gbọ́ tó dárúkọ rẹ níbẹ̀?”

Honoré ní sa va, pé kò séwu, ó ti ilẹ̀kùn.

Mojí ní tirẹ̀ kò tilẹ̀ jẹ́ ká jókòó. Ó ní ẹja ni ajá òun ń jẹ, ìgbẹ́ ẹja kì í rùn.

Ìdíátù wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo ní kó jẹ́ ká kó gbogbo rẹ̀, èmi àti òun, kí òyìnbó tó dé. Ó mi orí.

“Àmúsà, bí mo bá kó o lọ́sẹ̀ yìí, ṣé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọn ò ní í ṣu ni? Ọjọ́ tí ara mi ò bá yá ńkọ́? Ìbọn ṣáà ń bọ̀. Olúkúlùkù ni kó mọ̀ pé tòun ni.” Ó wo ìrépé aṣọ tó wà nílẹ̀ lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ mi. “Ní Ọ̀fà, bí àgbàlagbà bá ṣe ohun tí ẹnu ò ṣeé fi sọ sí i lójú, kí ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí i?”

“Àrokò,” ni mo wí, kó tó parí ọ̀rọ̀. Láti kékeré ni mo ti ní irú ọgbọ́n yẹn nínú.

Gbogbo aṣọ àdúgbò, abẹ́ sọ́ọ́sì mi ni wọ́n gbà kọjá. Mo ṣa ìrépé agbádá aláwọ̀ ewé tí Ọ̀ṣẹ́nì fi ń lọ sí yídì. Mo ṣa dírílì funfun ti Honoré, mo ṣa àǹkàrá pupa ti Mojí. Mo gé wọn ní fọ́nrán fọ́nrán, a so wọ́n mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀, wọ́n sì dà bí àsíá kéékèèké. Ìdíátù ya etí ìró aró tó ró sídìí, ó so ó mọ́ ọ̀kan.

“Tiyín kẹ̀? Ṣebí ẹ̀ ń kó ti Ẹwítán?”

“Tàárọ̀ ọ̀la, mi ò ní í kó o. Ẹni tó fẹ́ dójú ti ìlú, kó kọ́kọ́ ti ojú ara rẹ̀ bọ̀ ọ́ ná.”

Lọ́jọ́ Àlàrùbá, bí a ṣe kí ìrun àsùbáà tán ni a ṣe é. Ìgbẹ́ tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ọ̀ṣẹ́nì títí dé àárín gbàgede, àsíá aláwọ̀ ewé. Ti ìsàlẹ̀ fèrèsé Honoré, funfun. Ti ẹ̀yìn ààrò Mojí, pupa. Ti ìdí ọ̀dán, aró. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ń retí ìgbà tí ojú yóò ti wọn.

Ojú ò tì wọ́n. Ẹ̀rù ló bà wọ́n.

Ohun tí a kò rò nìyẹn, èmi tí mo máa ń ro gbogbo nǹkan. Aṣọ pupa, aṣọ funfun, aṣọ aró, tí wọ́n so mọ́ igi, tí wọ́n fi gúnlẹ̀ ní ìta gbangba kí ilẹ̀ tó mọ́: mùsùlùmí ni wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù tí a gbé láti ilé kò tíì kírun. Ẹni àkọ́kọ́ tó jáde ké “Àsàsí!” Ẹni kejì sá. Kí oòrùn tó mú, ọjà ò tẹ́ mọ́. Àwọn agbálẹ̀ ìjọba, tí wọ́n ì bá gbá díẹ̀ nínú rẹ̀, ju ọwọ̀ sílẹ̀, wọ́n gba ìdí àgbọn lọ. Ọ̀ṣẹ́nì rí aṣọ yídì rẹ̀ lórí ìgbẹ́, ó di orí mú, ó ní orí ń fọ́ òun, ó wọlé lọ dùbúlẹ̀. Honoré ní òun kò gba irú nǹkan bẹ́ẹ̀ gbọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó ń lọ síbi iṣẹ́, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń rìn lẹ́bàá ògiri bí alákàn.

Kò sí ẹni tí yóò fọwọ́ kan ìgbẹ́ yẹn mọ́ láéláé. Bàtà-Funfun ń bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀, àwa sì ti bá a fi àsíá sàmì sí gbogbo rẹ̀.

“Ẹ jẹ́ ká lọ fà á tu,” ni mo wí fún Ìdíátù.

“Bí wọ́n bá rí wa níbẹ̀ báyìí, wọn á ní àwa la di àsàsí náà. Wọn á sọ wá lókùúta.”

“Tí a ò bá sì fà á tu?”

Ẹwítán gbórí lé ẹsẹ̀ Ìdíátù, obìnrin náà ò sì ká ìró rẹ̀ sókè.

Lọ́jọ́ Àlàmísì, wọ́n mọ̀. Ta ni ìbá ní ìrépé aṣọ gbogbo ènìyàn bí kì í bá ṣe télọ̀? Lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n bo ṣọ́ọ̀bù mi bí eéṣú. Ẹgbẹ̀rún ènìyàn ni. Ọ̀ṣẹ́nì ló ṣíwájú, ó fi gèlè ìyàwó rẹ̀ di orí.

“Àmúsà! Ta ni o gé aṣọ mi fún? Ta ló fẹ́ pa mí?”

Mo ti ń múra láti dá wọn lóhùn bí akọni, nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn wọn.

“Àmúsà kọ́. Èmi ni.”

Wọ́n yà sọ́tùn-ún, wọ́n yà sósì. Ìdíátù dúró, ajá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìwọ Ìdíátù? Kí ni mo ṣe fún ọ?” Ọ̀ṣẹ́nì di orí mú. “Tú u! Tú ohun tí o dì!”

“Kò sí ohun tí mo dì. Mo fi hàn yín ni. Ẹni tó bá mọ aṣọ ara rẹ̀, kó kó ìgbẹ́ ajá rẹ̀.”

“Mo ní mi ò lájá!”

“Kí ló wá ń fọ́ yín lórí?”

Ẹnì kan ju òkúta. Ó ba ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀. Ẹwítán fò sókè, ó gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gbogbo ìlú sì sún sẹ́yìn. Ọ̀ṣẹ́nì na ìka sí i: “Bí orí mi ò bá tíì fúyẹ́ lọ́la lẹ́yìn ìrun, kó ọṣẹ rẹ, kó kúrò ládùúgbò yìí. Àdúgbò mùsùlùmí kò gba àjẹ́.”

Wọ́n tú ká. Mo bá Ìdíátù gbé igbá ọṣẹ wọlé. Ní gbogbo ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, ìgbà yẹn nìkan ni mo rí i tó jókòó sílẹ̀ láìnu ilẹ̀.

Jímọ̀ mọ́. Ojú ọ̀run ṣú, òjò kò sì rọ̀. Àwọn ènìyàn dúró yí gbàgede ká, kò sẹ́ni tó tẹ́ ẹní. Lèmọ́mù jáde, ó rí àsíá, ó dúró lórí àtẹ̀gùn mọ́sáláṣí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Bàtà-Funfun dé. Isidore wà lẹ́yìn rẹ̀, gáàdì kan sì wà lẹ́yìn Isidore, ìbọn rẹ̀ gùn bí igi àgbọn.

Òyìnbó wo àsíá àkọ́kọ́, ó wo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ó béèrè nǹkan. Isidore wo àsíá náà, ó sì fẹ̀yìn rìn.

“Ó ní kí lèyí? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ̀yin ènìyàn yìí. Ó ní ṣé ẹ̀ ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ ni?”

Òyìnbó juwọ́ sí gáàdì. Ajá tó wà nítòsí jù ni Ẹwítán tí wọ́n so mọ́ ìdí ọ̀dán. Gáàdì kọ́ ìbọn. Mo gbọ́ kẹ́ẹ̀ rẹ̀ títí dé inú eyín mi.

“Isidore! Sọ fún un kó dúró. Sọ fún un pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni.”

Ìdíátù ló ń bọ̀. Ó gbé eérú lọ́wọ́ kan, ó gbé àpáàdì lọ́wọ́ kejì. Kò sáré. Ó gba iwájú ẹnu ìbọn kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí ọ̀dán, ó fa àsíá aró tu, ó so ó mọ́ ọrùn ọwọ́ ara rẹ̀. Gbogbo ìlú mí sínú. Ó bu eérú lé ìgbẹ́ náà, ó wà á, kò ṣẹ́ kù. Ó wá fi ọṣẹ dúdú fọ ọwọ́ nínú igbá omi tó wà lábẹ́ àtẹ rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ náà nu ojú rẹ̀, iwájú orí títí dé àgbọ̀n.

“Ìgbẹ́ ajá tí wọ́n fi sọ́wọ́ mi nìyẹn, aṣọ mi sì nìyí. Ẹ wò mí dáadáa. Ṣé mo ti kú?”

Ìbọn ṣì wà lókè.

Mojí na ọrùn. “Kò tíì kú o!”

Ẹ̀rín kékeré kan bẹ́ láti ibì kan, ó tún kú. Mojí ti ìyàwó ilé kan sẹ́yìn, ó bọ́ síta. “Àǹkàrá mi nìyẹn. Láti ìjẹta ni mo ti ń wò ó pé aṣọ yẹn dára ju kó wà lórí ìgbẹ́ lọ. Ìyá Ọlọ́ṣẹ, ẹ fún mi léérú. Ó mà dà bíi pé eérú mi náà ni.” Ó tẹ̀ ba, ó wà tirẹ̀, ó dìde. Òun náà kò kú.

Ojú wá kan Honoré. Práǹsì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó yọ ahọ́n. Bàtà-Funfun bi í ní Faransé bóyá ajá rẹ̀ ni. Musié Honoré tí Faransé máa ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀ bí omi òjò, “wi” kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ ni, ló rí sọ. Ó bọ́ kóòtù dírílì, ó fi kọ́ apá Isidore, ó ká ọwọ́ ẹ̀wù sókè. Nígbà tó wà á tán, òógùn bò ó bí ẹni tó já ẹrù ọkọ̀ kan tán.

Àsíá aláwọ̀ ewé ló kù. Òun ló sì pọ̀ jù.

“Ajá ta lèyí?” ni Isidore béèrè. Ọ̀ṣẹ́nì dúró sáàárín àwọn àgbà, ó ń wo ojú ọ̀run. Isidore tún béèrè: “Mo ní, ajá ta ni?”

Ajá dúdú náà ni ó dáhùn fúnra rẹ̀. Ó fi ìrọ̀rùn la àárín gbàgede kọjá, ó gba ẹ̀gbẹ́ gáàdì, ó lọ sọ́dọ̀ Ọ̀ṣẹ́nì, ó sì gbórí lé bàtà rẹ̀. Gáàdì yí ìbọn tẹ̀ lé e.

“Bàbá, ẹ kúrò níbẹ̀,” ni Isidore wí, “kí ọta má baà bà yín.”

Ọ̀ṣẹ́nì sún kúrò. Ajá sún tẹ̀ lé e. “Ṣíọ̀!” ni Ọ̀ṣẹ́nì wí, ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. “Máa lọ! Sá lọ, ìwọ yìí!” Ajá rò pé eré ni, ó ń ju ìrù. Ọ̀ṣẹ́nì wo Lèmọ́mù. Ó wo ìbọn. Gáàdì di ojú kan.

“Tèmi ni!”

Ó ti ju ara rẹ̀ sílẹ̀, ó dì mọ́ ajá lọ́rùn, gèlè orí rẹ̀ sì já bọ́. “Ẹ má yìn ín! Tèmi ni! Mo ní tèmi ni!”

Ohùn Lèmọ́mù wá láti orí àtẹ̀gùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. “Alhamdulilahi. Ajá tó ń kọjá lọ ti dé ibi tó ń lọ.”

Ẹ̀rín tí ìlú rín lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ ojú omi tó wà lórí òkun gbọ́ ọ. Ọ̀ṣẹ́nì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó gba àpáàdì, ó ń lọ láti àsíá kan sí òmíràn, ajá ń tẹ̀ lé e, ó ń bá a jà: “Èyí náà? Eegun lásán ni mo fún ọ. Ta ló ń fún ọ ní ìyókù?” Ṣùgbọ́n ó kó o tán.

Bàtà-Funfun wá yí gbàgede po. Ó rọra ń rìn, gbogbo ojú wà lára bàtà rẹ̀. Ó dé àárín, ó dé ẹ̀yìn ààrò, ó dé abẹ́ fèrèsé. Lábẹ́ ọ̀dán, ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, ó yí àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà náà wò. Ìdíátù di okùn Ẹwítán mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Òyìnbó sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀. Ó fi orí sọ fún gáàdì pé ó ti tó, ìbọn sì wálẹ̀. Kó tó lọ, ó ṣí àkẹtẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Àwọn kan ní Ìdíátù ló ṣí i fún. Níbi tí mo dúró sí, èmi ló ń wò.

Ládàánì pèrun. Ọ̀ṣẹ́nì wá sí abẹ́ ọ̀dán láti ṣe àlùwàlá, ojú rẹ̀ wolẹ̀. Ìdíátù bu ọṣẹ fún un.

“Orí ńkọ́, alápatà?”

“Ó ti fúyẹ́.”

“Ẹ fọ ìgúnpá yín náà.”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnu ọ̀nà gbogbo tí ajá bá ń sùn sí ní Ànàgókọmé, àpáàdì wà níbẹ̀ pẹ̀lú eérú. Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe mùsùlùmí, ajá tó bá jẹun rẹ, tìrẹ ni, ohun tó bá sì ti ìdí rẹ̀ jáde, tìrẹ náà ni. Bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe bí ẹni tí kò rí i, wọ́n á ké sí i pé, “Aṣọ rẹ wà lórí rẹ̀ o!” Á yára padà. Ajá Ọ̀ṣẹ́nì tí kò lórúkọ rí, ó ti wá ní. Tèmini ni gbogbo ìlú ń pè é, ó sì ń dáhùn.

Lẹ́yìn náà, Àlàbá ti Atakpamé dé. Ara ìyá rẹ̀ ti yá. Ó ru iṣu wá sí ìdí ọ̀dán, ó rí ajá rẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fajú ro.

“Ìyá Ọlọ́ṣẹ! Kí ló dé tí ajá ọdẹ ń ta sánsán ọṣẹ báyìí? Ẹran inú igbó á gbọ́ òórùn rẹ̀ kí n tó kúrò ní ibùdó ọkọ̀!”

Mo la ẹnu láti sọ gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí bàtà títí dé orí ìbọn. Ìdíátù gbọ́wọ́ sókè, mo dákẹ́. Ó tú okùn ní ìdí ọ̀dán, ó fi lé Àlàbá lọ́wọ́ ọ̀tún. Ó wá bẹ̀rẹ̀, ó gbé àpáàdì, ó fi lé e lọ́wọ́ òsì.

“Gba àmánà rẹ, Àlàbá. Méjì ni.”